Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìtọ́jú Ọkọ̀ Olówó Ńlá Àtijọ́ Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Ká

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sí wa fún ojú ewé yìí ló dá lórí irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, tí ó sì ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Nítorí náà, a kó wọn jọ síbí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mercedes-Benz SL tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní R129. Kò tíì rìn ju 68,000 kìlómítà lọ, ara rẹ̀ ń dán, òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń padé. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣáà máa wà á lọ, pé ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ kì í béèrè ohunkóhun. Mẹkáníìkì mi ní irọ́ ni, ó sì kọ ìwé gbọọrọ kan tó bà mí lẹ́rù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan kí ẹ ṣe gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn ń sọ fún wa bí irin inú ẹ́ńjìnnì ṣe jẹ tó. Kì í sọ bí rọ́bà, ike àti ọ́ìlì inú ọkọ̀ náà ṣe gbó tó, nítorí pé ọjọ́ orí àti ooru ló ń gbó àwọn wọ̀nyẹn, ì báà jẹ́ pé ojú kan ni ọkọ̀ náà wà láti ọdún dé ọdún. Ọkọ̀ tó rìn díẹ̀ tún lè ní ìṣòro tirẹ̀ tí ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́ kò ní, torí pé rọ́bà tí ọ́ìlì kò kàn fún ìgbà pípẹ́ a máa gan, a sì máa là.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ wo ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ náà láti mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọn nǹkan olómi inú rẹ̀ kẹ́yìn. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé wọn kò pààrọ̀ wọn rí. Ọ́ìlì bíréèkì ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí pé ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tí bíréèkì sì gbóná gidigidi, omi náà á hó, á di ooru tó ṣeé tẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì rì dé ilẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Ọdún méjì méjì ni ó yẹ kí a máa pààrọ̀ rẹ̀, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pààrọ̀ kúláǹtì inú rédíétọ̀, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí pé èròjà tó ń dá ìpẹtà dúró nínú rẹ̀ máa ń tán bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ibi tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe nínú ẹ́ńjìnnì ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ kódà bí ọkọ̀ kò bá rìn ju ìwọ̀nba kìlómítà, torí pé omi àti ásíìdì tó ń wọ inú rẹ̀ nígbà ìrìn kúkúrú kì í jáde fúnra wọn.

Ohun kan wà tó kan ọkọ̀ tiyín gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Wáyà ẹ́ńjìnnì tí Mercedes-Benz lò fún púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín àwọn ọdún 1990 ní ìbora tí kò lè fara da ooru ẹ́ńjìnnì fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1994 bọ́ sí àárín àkókò náà. Bí ìbora yìí bá ti rún, wáyà á máa kan wáyà, ẹ́ńjìnnì á máa ṣe ségesège, ó sì lè ba kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ wá ibi tí wáyà ti wọ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ti ọ̀rá dúdú tó bò ó sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì fi ìka méjì tẹ wáyà náà jẹ́jẹ́. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ tó sì padà sí bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, tó là, tó sì ń rún bọ́ sílẹ̀ bí èèpo igi gbígbẹ, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo àkójọ wáyà ẹ́ńjìnnì náà ni yóò di pípààrọ̀, téèpù tí a lẹ̀ mọ́ ojú kan kì í ṣe àtúnṣe rárá.

Ẹ tún wo táyà. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: bí ẹ bá rí 2311, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 nìyẹn. Ojú táyà irú ọkọ̀ báyìí lè jinlẹ̀ dáadáa nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti kú. Láti ọdún mẹ́fà sókè, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, kí ẹ yọ ọ́ láìjiyàn.

Ní ti òrùlé tí ẹ ní ó ń ṣí tó sì ń padé, ẹ má gbàgbé pé R129 tún ní ọ̀pá ààbò lẹ́yìn àga, tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé. Bọ́tìnì wà tí a fi ń gbé e dìde, tí a sì fi ń dá a padà. Ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ohun tí yóò gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ ìjàm̀bá kò yẹ kó gan síbi tó wà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì iwájú ọkọ̀ mi máa ń tutù, ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Mo ti pààrọ̀ rọ́bà etí òrùlé lápá ọ̀tún, owó ńlá ni mo fi ṣe é, omi náà kò dáwọ́ dúró. Ṣé òrùlé tuntun ni kí n rà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra òrùlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí kò mọ̀ ni pé àwọn tó ṣe é kò retí pé kí rọ́bà etí òrùlé dá gbogbo omi dúró síta. Omi tó bá gba etí kọjá ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un: yóò bọ́ sínú gọ́tà kékeré kan tó wà lábẹ́ etí òrùlé àti ní ibi tí òrùlé máa ń ká sí, gọ́tà náà yóò sì gbé e lọ sínú họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó ń dà á sí abẹ́ ọkọ̀. Bí ewé, eruku àti ìdọ̀tí bá ti dí họ́ọ̀sì yìí, omi á kún gọ́tà, á sì yà sínú ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà tuntun kò fi tán ìṣòro yín.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ báyìí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ṣí òrùlé dé ibi tí ìwé atọ́nà ọkọ̀ bá gbà láti rí gọ́tà náà, kí ẹ sì fi ife kékeré rọra da omi sínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn wíìlì ní ẹ̀gbẹ́ náà kó máa wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá là, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro sílẹ̀ láìpẹ́, yóò sì máa ṣàn déédéé. Bí omi bá dúró nínú gọ́tà, tàbí tó ń ro ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ti dí. Okùn ọ̀rá tó nípọn díẹ̀, irú èyí tí a fi ń gé koríko, ni kí ẹ fi là á: ẹ yọ́ orí rẹ̀ kó má baà gún họ́ọ̀sì, kí ẹ sì rọra máa tì í wọlé. Ẹ má ṣe lo wáyà irin, torí pé ó lè lu họ́ọ̀sì náà. Ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí i, nítorí pé ó lè fẹ́ họ́ọ̀sì kúrò ní oríkèé rẹ̀ nínú ara ọkọ̀, níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Láti ìgbà náà lọ, omi tí ẹ bá lérò pé ó ń jáde síta, inú ọkọ̀ ni yóò máa dà sí.

Bí àwọn ọ̀nà omi bá là tí kápẹ́ẹ̀tì sì tún ń tutù, ẹ fojú sí irú omi tó jẹ́ àti ìgbà tó ń wá. Omi tó mọ́ tó máa ń wá lọ́jọ́ tí oòrùn mú tí ẹ sì lo ẹ̀rọ amúlétutù lè jẹ́ pé ọ̀nà omi ẹ̀rọ náà ló dí. Omi tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ní òórùn dídùn, kúláǹtì ni, láti inú rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, mẹkáníìkì ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ fún. Omi tó ń tutù ní ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan sábà máa ń wá láti inú ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀rá tó wà lẹ́yìn pátákó ilẹ̀kùn ti ṣí kúrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì lérò pé oòrùn yóò gbẹ ẹ́. Fóòmù tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀, omi lè wà nínú fóòmù yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí òkè kápẹ́ẹ̀tì ti gbẹ táútáú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde pátápátá. Ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ọkọ̀, ní ilẹ̀ búùtù, lábẹ́ àga tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbé àwọn àpótí kọ̀ǹpútà kéékèèké sí nínú irú ọkọ̀ yìí, pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù òrùlé àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rédíò jáde. Àwọn yẹn ni omi ń bà jẹ́ tí yóò fi wá dà bíi pé ọkọ̀ náà ń ya wèrè, tí iná ìkìlọ̀ oríṣiríṣi á máa tàn láìnídìí. Tí mo bá ní kí n yan iṣẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ máa ṣe lọ́dún, mímú kí ọ̀nà omi rẹ̀ là ni n ó yàn. Kò ná ni lówó, ohun tó sì ń gbà là nínú ọkọ̀ náà kò kéré.

Ìbéèrè: Jaguar XK8 ọdún 1998 ni mò ń wà. Òrùlé rẹ̀ kì í yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ sì ń pariwo. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní irú rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tú jáde lókè orí òun lọ́jọ́ kan nígbà tí òun ń ṣí òrùlé, ó sì ba àga awọ òun jẹ́. Kí ni mo lè ṣe kó má baà ṣẹlẹ̀ sí mi?

Ìdáhùn: Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ yín, àwọn tó ní XK8 mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ́ìlì tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú àwọn sílíńdà ló ń gbé òrùlé yìí. Pọ́ọ̀ǹpù náà wà nínú búùtù, ṣùgbọ́n ìdè tó ń so òrùlé mọ́ra wà níwájú, lókè dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbẹ̀ ń gba òkè orí àwọn tó jókòó kọjá, inú ooru ló sì wà láti ọdún púpọ̀ wá. Bí họ́ọ̀sì náà bá gbó, tí agbára pọ́ọ̀ǹpù sì bá a, yóò bẹ́, ọ́ìlì á sì dà lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí. Ọ̀nà ìdáàbòbò méjì ló wà. Ẹ lè pààrọ̀ họ́ọ̀sì náà kó tó bẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì máa ń fi fáàbù kan sí i tó ń dín agbára tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń ti ọ́ìlì kù. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ tèmi, méjèèjì ni n ó ṣe, n ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì.

Ní báyìí tí òrùlé ń fà tí pọ́ọ̀ǹpù sì ń pariwo, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Bí ọ́ìlì bá dín kù, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ìró rẹ̀ á yí padà, òrùlé á sì máa ta kìjikìji. Ipò tí òrùlé gbọ́dọ̀ wà kí a tó wọn ọ́ìlì yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, ìwé atọ́nà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Irú ọ́ìlì tí a kọ sínú ìwé náà nìkan ni kí ẹ rọ sí i, nítorí pé ọ́ìlì tí kò bá rọ́bà inú rẹ̀ mu yóò mú kí síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró nínú sílíńdà, wú tàbí kó rọ̀, gbogbo sílíńdà òrùlé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì tó bá dín kù ti lọ síbì kan. Nítorí náà, ẹ fi aṣọ funfun nu ara sílíńdà kọ̀ọ̀kan àti ìsopọ̀ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo èyí tó bá fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ní Mercedes-Benz nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ náà lè kọ́gbọ́n níbí, nítorí pé síìlì inú àwọn sílíńdà òrùlé R129 máa ń rọ̀ bí ọkọ̀ ti ń dàgbà. A lè tú wọn jáde kí a sì fi síìlì tuntun sí wọn, kò dìgbà tí a bá ra sílíńdà tuntun.

Bí a bá tún bátìrì yẹ̀ wò ṣáájú kí a tó dá pọ́ọ̀ǹpù lẹ́bi, kì í ṣe àṣìṣe. Iná tí kò tó máa ń sọ òrùlé di arọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lò ó, kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹrù kankan má sì sí ní ibi tí òrùlé ń ká sí. Kó ṣí tán, kó sì padé tán. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìdajì. Bó bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ má fi ọwọ́ fà á tipátipá, torí pé ìwé atọ́nà ti ṣàlàyé bí a ṣe ń tú agbára ọ́ìlì sílẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ dá a padà. Ẹ sì máa lò ó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọ́ìlì lè máa kan síìlì.

Ẹ jọ̀wọ́, kí n tó kúrò lórí ọkọ̀ yín: ẹ ti béèrè nípa òrùlé, àmọ́ ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn tó lè pa á. Ẹ́ńjìnnì V8 tí Jaguar lò ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ní ohun tó ń mú kí ṣéènì inú rẹ̀ le, ara rẹ̀ sì jẹ́ ike títí di ọdún 2001, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di onírin. Ike náà máa ń là. Bó bá fọ́ tí ṣéènì sì bọ́, àwọn fáàbù á lu píìsìtínì, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kékeré. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tiyín sí onírin. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i wò kí ẹ tó náwó lórí òrùlé, pàápàá bí ẹ bá ń gbọ́ ìró wàràwàrà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì tútù.

Ìbéèrè: Ọṣẹ wo ló dára jù fún fífọ òrùlé aláṣọ, kí sì ni a fi ń tọ́jú fèrèsé ẹ̀yìn tó jẹ́ ọ̀rá?

Ìdáhùn: Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún òrùlé aláṣọ ni, tàbí omi lásán bí ìdọ̀tí kò bá pọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ àti ohun tó ń mú aṣọ funfun kò yẹ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, bí òwú aṣọ náà ṣe lọ ni kí búrọ́ọ̀ṣì máa lọ. Kí omi ẹ̀rọ alágbára jìnnà sí i, torí pé ó ń fa òwú tu, ó sì ń ti omi gba inú ìránṣọ. Lẹ́yìn tó bá gbẹ dáadáa ni ẹ lè fi èròjà tó ń lé omi sí i. Ẹ má ká òrùlé nígbà tó ṣì tutù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ tún ṣí i jáde ní kété tí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó má baà bu kó sì máa rùn.

Fèrèsé ọ̀rá kò fẹ́ ohun tí a fi ń nu gíláàsì, pàápàá èyí tó ní amónìà. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan eruku kúrò ná, nítorí pé eruku yẹn gan-an ló ń ha á, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún lọ gbọọrọ, láìyí ọwọ́ po. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, ọ̀rá náà máa ń le, ó sì lè là bí a bá ká a. Ní ti rọ́bà etí òrùlé, gíríìsì sìlìkóònù díẹ̀ ti tó. Gíríìsì ẹ́ńjìnnì àti gbogbo ohun tó bá ti ara epo rọ̀bì wá máa ń mú kí rọ́bà wú.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi fẹ́ pààrọ̀ ike tó ń gba kúláǹtì, pọ́ọ̀ǹpù omi, tẹmositáàtì àti gbogbo họ́ọ̀sì rédíétọ̀ BMW 330Ci mi, ọdún 2003, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ń jò nínú wọn. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kì í kúrò láàárín. Ṣé kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn bá jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ náà wá, iṣẹ́ rere ló fẹ́ ṣe fún yín. Ike inú ẹ̀ka kúláǹtì àwọn BMW ìgbà yẹn kì í kìlọ̀ púpọ̀. Ooru ti mú kó gan, ọjọ́ kan yóò sì kàn là ní oríkèé lójú ọ̀nà.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí abẹ́rẹ́ yẹn fún yín ni mo fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ kó máa dúró láàárín bí ooru kúláǹtì bá tilẹ̀ ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n tó gbòòrò, kí awakọ̀ má baà máa fòyà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà bá fi máa sún, ooru ti pọ̀ jù. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì náà, kò sì pẹ́ rárá kó tó tẹ̀. Bí iná pupa rẹ̀ bá tàn tàbí abẹ́rẹ́ bá kúrò láàárín, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ mi pé ọ́ìlì gíá ọ̀hún kò nílò pípààrọ̀ títí ayé rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Nítorí pé ayé tí ìwé náà ń sọ kò gùn tó èyí tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yín lò. ZF, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ṣe gíá fún Jaguar, BMW àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, dámọ̀ràn fúnra rẹ̀ pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí bí ó bá pé ọdún mẹ́jọ. Bí Mercedes-Benz tó ní gíá alátẹ̀ márùn-ún tó jáde ní ọdún 1996 bá ni tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ike kékeré tí wáyà gbà wọ inú gíá náà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ó máa ń jò, ọ́ìlì sì lè gba inú wáyà gun òkè lọ bá kọ̀ǹpútà gíá. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n ooru ọ́ìlì, torí pé ìgbà tí ọ́ìlì bá dé ìwọ̀n ooru tí ìwé sọ nìkan ni a lè mọ̀ bóyá ó tó.

Ìbéèrè: N kì í lo ọkọ̀ mi fún bí oṣù mẹ́rin lọ́dún. Mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà kú. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti mú ọ́ìlì gbóná. Omi tó ń tara epo tó jóná jáde yóò kàn dúró sínú ọ́ìlì àti páìpù èéfín ni, bátìrì kò sì ní gba iná tó lò láti tan ẹ́ńjìnnì náà padà. Bí ẹ bá lè wà á ní tòótọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó sùn.

Kó tó sùn, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ sì rọ epo kún táńkì. Ẹ ti òrùlé pa kí aṣọ rẹ̀ má baà ní àmì ìká, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé ó gbẹ. Ẹ so bátìrì mọ́ ṣájà tó lè dá iná dúró fúnra rẹ̀. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bí fọ́ltì 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, bó bá sì ti lọ sí ìsàlẹ̀ 12.4, ó ń fẹ́ iná. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, láìkọjá iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́, òkúta tàbí igi ni kí ẹ fi dí wíìlì. Bí ẹ bá máa bò ó, aṣọ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá ni kí ẹ lò, ọ̀rá kò dára, torí pé ńṣe ló máa há omi mọ́ abẹ́.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn họ́ọ̀sì epo láti iwájú dé ẹ̀yìn kí ẹ tó tan án. Epo tó ní ẹtanóọ̀lù máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo, tàbí tí ara họ́ọ̀sì bá tutù lọ́wọ́, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi fi jáàkì gbé igun kan ọkọ̀ mi sókè, ó sì fẹ́ ṣí òrùlé láti yẹ sílíńdà wò nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Mo dá a lẹ́kun, inú bí i. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ kò jẹ̀bi. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin tó dè é lókè máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí a bá gbé igun rẹ̀ kan sókè, bó ti wù kí abẹ́ rẹ̀ lágbára tó. Nígbà tó bá tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdè òrùlé kò ní bá ihò rẹ̀ mu mọ́, gíláàsì fèrèsé lè kan etí òrùlé kó sì fọ́, ilẹ̀kùn tí a bá ṣí lè kọ̀ láti padé. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ sórí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó wá ṣí òrùlé.